Tíṣà Jàrátù àti Ìbéèrè Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ní Èsìẹ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nílùú kì í lọ sí ààfin. Ọ̀dọ̀ Tíṣà Jàrátù ló ń lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Opó ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kúkúrú bí odó, a sì máa wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀ bí ẹni pé onítọ̀hún kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Bí àlejò bá wá wo àwọn ère òkúta ìlú náà, tí ó sì bá Jàrátù pàdé lọ́nà, ó parí. Á nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ère tó jókòó, á ní ọ̀gá àgbà òun àtijọ́ nìyẹn, pé bó ṣe ń jókòó sí ọ́fíìsì nìyẹn láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì.

Nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá, dókítà obìnrin kan dé láti Ìlọrin. Lubabah lórúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ìwádìí ló bá wá. Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún, kí wọ́n wo bí ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ìyẹn ohun tí gbogbo ayé ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi oníkálukú ní ogójì ìbéèrè. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Igbómìnà dénú, tó sì mọ̀wé kọ. Ta ni wọn ì bá tún mú?

"Kí ni ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ fẹ́ fi ogójì ìbéèrè ṣe?" Jàrátù bi í.

"Màmá, gbogbo wa la mọ̀ pé tí ọ̀rá yìí bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kan lókè òkun ṣàkíyèsí pé láàárín àwọn tí tiwọn kéré gan-an, ó jọ pé àwọn tó ń gbèrò àtipa ara wọn pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn mìíràn wá a títí, wọn ò rí i. A fẹ́ wo tiwa."

Jàrátù yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí náà! Ẹ ní ká má jẹ ọ̀rá, ká má bàa kú. Ẹ tún dé, ẹ ní tí a ò bá jẹ ẹ́, ikú ni yóò máa wù wá. Kí la fẹ́ jẹ wàyí?"

Lubabah rẹ́rìn-ín. "Ohun tó gbé wa wá nìyẹn, Màmá."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àfísù alápatà búra pé omi lásán kò tíì kan òun lẹ́nu. Jàrátù ní kó la ẹnu, ó sì nàka sí ewé ẹ̀fọ́ tó há sí i léyín. "Èyí ńkọ́? Ṣé ó bá ọ wáyé ni?" Nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ lọ tà, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ na apá sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó jẹ́ kí wọ́n gbà á, ó sì le ojú koko bí ẹni tó ń ya fọ́tò káàdì ìdìbò.

Ìbéèrè kìíní títí dé ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n kò ṣòro. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń jẹ ẹran lọ́sẹ̀? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ló dá wàhálà sílẹ̀: "Láàárín oṣù kan tó kọjá, ǹjẹ́ ó ti wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín?"

Jàrátù kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ta ni òun fẹ́ bi ní irú ìyẹn? Àgbà tó tó bí òun lọ́mọ? Àwọn tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín, "kí ikú yẹ̀" ni wọ́n ń wí? Ó gbé e yẹ̀ wò, ó sì bá ìbéèrè náà tún ara ṣe. Tó bá ti dé ibẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ̀mí yín á gùn o. Ẹ ò sì fẹ́ kú, àbí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni gbogbo wọn ń dáhùn. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàdúrà fún un, ó sì ní kí gbogbo ilé wá ṣe àmín. Jàrátù á wá kọ "Rárá" sínú fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára bí ti ojú pátákó, á fi rúlà fa ìlà sí i nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Lubabah kó àwọn fọ́ọ̀mù náà kalẹ̀. "Màmá, èèyàn mọ́kànléláàádọ́rin. Gbogbo wọn ní rárá."

"Ìlú wa dára ni."

Lubabah tún àwọn fọ́ọ̀mù náà kó jọ. Lọ́jọ́ kejì, ó fà sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí Jàrátù ń bi Rùkáyátù, obìnrin tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti Jàrátù. Ó gbọ́ "ẹ̀mí yín á gùn." Ó gbọ́ "ẹ ò sì fẹ́ kú, àbí?" Ó gbọ́ Rùkáyátù tó pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" tí àwọn adìyẹ fi tú ká.

Nígbà tí Rùkáyátù lọ tán, Lubabah kúnlẹ̀ síwájú Jàrátù. Ìkúnlẹ̀ yẹn le ju èébú lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ máa bi wọ́n bó ṣe wà. Bíbéèrè kì í fi ohun tí kò sí síbẹ̀. Ẹni tí kò rò ó kò ní tìtorí pé ẹ bi í kó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rò ó, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í rí."

Jàrátù gbà lẹ́nu. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ọmọdé ò mọ nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí Òkè-Onígbìn. Ẹni àkọ́kọ́ tí Jàrátù yàn ni Adétúnjí télọ̀, torí ó mọ̀ pé yóò rọ òun lọ́rùn. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà ní kékeré, ìṣirò Jàrátù ni Adétúnjí sì ń wò kọ títí wọ́n fi jáde. Òun ló ń pa ìlú lẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn a máa mú aṣọ tí kò ya wá fún un, kí wọ́n lè rí ìdí jókòó.

"Jàrátù, o ti wá fẹ́ mi nìyẹn?" ló fi kí i, bó ṣe ń ṣẹ́ etí yúnífọ́ọ̀mù ọmọléèwé kan.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń jẹ ẹran lọ́sẹ̀?"

"Kọ ọ́ pé mo ń wò ó lẹ́ẹ̀méje."

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀. Jàrátù ń rẹ́rìn-ín débi pé awò ojú rẹ̀ kún fún omi. Ìgbà tó dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó rí Lubabah lábẹ́ igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán, ó rántí ìkúnlẹ̀ ọmọ náà, ó sì ka ìbéèrè náà bó ṣe wà, kíákíá, bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì.

Adétúnjí kò rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọlé, ó jáde. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

"Adétúnjí, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Kọ ọ́."

Jàrátù gbé bírò kalẹ̀. Láti ọdún tí ó ti ń sọ̀rọ̀, ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Adétúnjí ló ń bá a sọ ọ́ lọ, kò gbójú sókè. Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn ní Pọtakọ́ọ̀tù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá. Ó ti di ọdún kẹta. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni oorun ti fi í sílẹ̀, oúnjẹ sì dà bí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Tí àwọn oníbàárà bá ti lọ tán, tó sì ti ilẹ̀kùn, ìrònú náà á wá jókòó tì í.

"Ta ló mọ̀?"

"Ìwọ. Ta ni kí n sọ fún? Bí ẹni tó ń pa ìlú lẹ́rìn-ín bá ní ara òun ò yá, ẹ̀rín ni wọ́n tún máa rín."

Jàrátù pe Lubabah. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó títí oòrùn fi kọjá àárín orí. Lubabah bi Adétúnjí ní àwọn ohun tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Ọlábọ̀wálé àbúrò Adétúnjí lójú rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un, ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọlábọ̀wálé sì kó ẹní wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kù kí Adétúnjí lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn, tó máa ń ti Ìlọrin wá sí ọsibítù kan ní Òmù-Àrán lọ́jọ́bọ̀.

"Ṣé wèrè ni mo ya?" Adétúnjí kọ̀ jálẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹnu Jàrátù ti padà dé. "Ta ní ń wí tìrẹ? Orúnkún ló ń dùn mí. Ọsibítù yẹn náà ni mò ń lọ lọ́jọ́bọ̀, mi ò sì lè dá wọ ọkọ̀ pẹ̀lú bí ọ̀nà ṣe rí. Bá mi gbé báàgì."

Ó bá a gbé báàgì. Tí wọ́n bá ti dé ọsibítù, Jàrátù á ní ìlà ti orúnkún gùn jù, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà ti Adétúnjí. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi lọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ń lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Jàrátù ń tiro. Tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ òsì ni. Lọ́jọ́bọ̀ kẹrin, Adétúnjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Jàrátù, èwo ló ń dùn ọ́ lónìí, kí n lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí màá dúró sí?"

Jàrátù sọ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn náà pé ìgbà tí òun gbọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé oògùn dókítà ti ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Àwọn "Rárá" tó fi rúlà fàlà sí ńkọ́? Kò dúró kí Lubabah sọ ọ́. Ó gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó sì padà lọ bá gbogbo àwọn tó ti bi, ilé dé ilé, fún odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ń ka ìbéèrè náà bó ṣe wà. Àwọn kan bú u. Bàbá arúgbó ọjọ́sí tún gbàdúrà, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èèyàn mẹ́ta ní bẹ́ẹ̀ ni, Lubabah sì lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó. Rùkáyátù wà nínú wọn. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń yá ara wọn ní iyọ̀ lórí ògiri yẹn. Jàrátù jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àga, kò pa òwe kankan. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, báàgì méjì ló di gbígbé lọ sí Òmù-Àrán, Rùkáyátù ló gbé èkejì.

Oṣù kẹjọ ni èsì ẹ̀jẹ̀ dé. Lubabah fún oníkálukú ní tirẹ̀ nínú àpòòwé, ó sì sọ fún Jàrátù ní kọ̀rọ̀ pé nínú gbogbo ẹni tí àwọn gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí ọ̀rá tirẹ̀ kéré tó ti Jàrátù.

Ní kọ̀rọ̀! Jàrátù, tí kò gbé ipò kejì rí láti kékeré, rò pé ipò kìíní nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán ó ti sọ fún Àfísù, àti ohun tí àwọn tòkè òkun wí nípa ọ̀rá tó kéré. Kó tó di àsálẹ̀, gbogbo Èsìẹ́ ti gbọ́ pé Tíṣà Jàrátù ń gbèrò àtipa ara rẹ̀. Àfísù gbé ọ̀rá màlúù wá, ó ní kó jẹ ẹ́ lójú òun. Bàbá arúgbó náà dé pẹ̀lú bùtà àlùwàlá rẹ̀. Rùkáyátù dín wàrà, wàràkàṣì àwọn Fúlàní, abọ́ ńlá kan, ó jókòó tì í, ó ní òun ò ní lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lubabah wá láti ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni irú ìṣirò yẹn wà fún, pé nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo kò sọ ohun tó wà lọ́kàn onítọ̀hún. Ó gba àyè lọ́wọ́ Adétúnjí, ó ní tirẹ̀ gan-an ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní àwọn kò tíì lè sọ pé ohun kan ló fa èkejì, kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ̀rá di oògùn. Wọ́n gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wàrà mìíràn dé.

Ti Adétúnjí kò tíì tán. Ó ṣì ní àwọn ọjọ́ tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, Ọlábọ̀wálé á sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, Motúnráyọ̀ sì padà délé nínú oṣù kẹsàn-án. Àtìgbà tó ti dé ni wọ́n ti ń jà lórí bí Adétúnjí ṣe to ìkòkò sí àyè tí kò yẹ. Adétúnjí ní òun ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òun náà wá kí Jàrátù lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n ní òun ló kàn láti ṣọ́ ọ. Ó jókòó, ó fa abọ́ wàrà mọ́ra, ó mú ọ̀kan, ó mú èkejì. Ìgbà tó nawọ́ sí ẹ̀kẹta, Jàrátù gbá a lọ́wọ́.

"Dókítà ní kí o dín ọ̀rá kù."

"Ó ní kí ìwọ fi kún un. Mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

"Kò wí bẹ́ẹ̀." Jàrátù gba abọ́ náà, ó gbé e sórí itan ara rẹ̀, ó sì ju ọsàn kan sí i. Adétúnjí hán an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.