Ìpè Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Àpọ̀kẹ́

Kí n má parọ́, orin yẹn kò dùn létí mi rárá. Ọkùnrin kan ń pariwo bí ẹni tí ọ̀bẹ rẹ́ lọ́wọ́, gìtá ń han, ìlù ń fọ́ni lórí. Síbẹ̀, nílé wa ní Glei nílẹ̀ Tógò, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá ká má gbọ́ ọ. Àpọ̀kẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń gbọ́ ọ, obìnrin tí kò mọ orin mìíràn tẹ́lẹ̀ ju orin òòṣà ilé rẹ̀ lọ.

Hilaire, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló fi í ránṣẹ́. Ọdún 1979 ni Hilaire kúrò nílé, ó gba Lọmé dé ilẹ̀ Faransé, ó sì ń bá àwọn olórin gbé ẹrù ní gbọ̀ngàn kan ní Lyon. Ní 1983, ẹgbẹ́ kan tó ń kọ orin gìtá líle tí wọ́n ń pè ní mẹ́tàlì wá ṣeré níbẹ̀. Wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, tòun ti ariwo èrò, wọ́n sì ń tà á. Hilaire ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi rán Philippe, ará àdúgbò wa tó ń gbé ọkọ̀ àlòkù bọ̀ wálé. Ó ní kó sọ fún ìyá òun pé òun wà nínú rẹ̀.

A gbọ́ títí, a ò gbọ́ Hilaire. Mo ti fẹ́ sọ pé irọ́ pípa ló lọ kọ́ nílẹ̀ òyìnbó. Ìgbà tó yá, orin tó gùn jù parí, èrò hó yèè, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ẹnì kan ti ké nítòsí: "Huu-é! Huu-é-é!"

Gbogbo wa gbé orí sókè.

Ìpè oko ilé wa ni. Lọ́dọ̀ wa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, torí oko jìnnà, igbó sì dí. Ẹni tó wà lóko a ké, kí ará ilé lè mọ̀ pé àlàáfíà lòun wà. Ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn, torí ìpè tí a kò dáhùn kò dára. Ṣùgbọ́n ará ilé kì í kọ́kọ́ pe ẹni tó wà lóko àfi tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Ìyẹn ni pé ó tó, kó máa bọ̀ wálé.

Àpọ̀kẹ́ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó dìde, ó kọjú sí ọ̀nà, ó dáhùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dáhùn. Èrè gàrí tó ń tà lẹ́bàá títì, bátìrì rédíò kásẹ́ẹ̀tì ló fi ń rà. Àárò ọmọ náà sọ ọ́ débi pé ó máa ń bá kásẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Philippe ní òun yóò bá a ránṣẹ́ sí Hilaire pé kó máa bọ̀, àmọ́ Àpọ̀kẹ́ kọ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni mo bí. Oòrùn rẹ̀ ò tíì wọ̀. Màá máa dá a lóhùn, mi ò ní pè é."

Hilaire kò rán nǹkan kan wá mọ́.

Ohun tí a bá ń lò ní í gbó. Nígbà tí wọ́n fi parí ìdídò ńlá tó ń mú iná mànàmáná wá ní Nangbéto lọ́dún 1987, kásẹ́ẹ̀tì náà ti fẹ́lẹ́. Àwọn oníariwo yẹn ṣì ń pariwo o, ìpè náà ló ń rẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, orin gígùn parí, èrò hó, wọ́n dákẹ́. A ò gbọ́ nǹkan kan. Àpọ̀kẹ́ dá a padà, ó tún tẹtí, ó tún dá a padà. Mo ní bóyá bátìrì ni.

Ó pa rédíò. Ó lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e. Oòrùn ń wọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó sì ké. Láti ọjọ́ tí Hilaire ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun yóò kọ́kọ́ pè.

Ó dúró, ó ń tẹtí. Ìpè tí a kò dáhùn kò dára, ẹnu sì ń yún mi láti dáhùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló pè.