Orúkọ Ìyá Aláró

Òkùnkùn ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí a kúrò ní Lanham láàárọ̀ Sátidé yẹn. Àwa mẹ́rin la wà nínú mọ́tò: Bọ́lá ọmọ mi, Délé ọkọ rẹ̀ tó ń wakọ̀, Ìrètí ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, àti èmi tí mo wá kí wọn láti Abẹ́òkúta. Nítorí Bọ́lá la ṣe tètè jí. Nọ́ọ̀sì ni, Camp Springs ló ti ń ṣiṣẹ́, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já a síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ìrètí ni ìrìn àjò náà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìrètí máa dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, á sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tó kópa nígbà tí wọ́n ń dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Tíṣà ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ilé àtijọ́ kan lápá gúúsù káńtì wọn, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Àwọn ọmọ yòókù á sọ ti Amẹ́ríkà. Ìrètí ní ti ìyá bàbá mi lòun máa sọ, ẹni tó wà lára àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó kọ̀ tí wọn ò san owó orí láyé òyìnbó, kí a tó gba òmìnira. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá há ni orúkọ.

"Grandma, kí ni name wọn?"

"Ìyá Aláró."

"That's not a name. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Name wọn gan-an ńkọ́?"

Mo ní kó jẹ́ kí n wo ọ̀nà.

Ọ̀nà wọn ò sì ní nǹkan tí èèyàn lè wò. Bẹ́ltìwéè la gbà, ọ̀nà ńlá tó yí olú ìlú wọn po bí ìgbànú. A kọjá pápá bọ́ọ̀lù ràgàjì kan ní Landover, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá lọ. Kò sí kòtò kan ṣoṣo. Kò sì sí ẹni tó ń ta àgbàdo tàbí ẹ̀pà létí títì; ebi lè pa èèyàn kú lójú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú owó lápò. Lẹ́yìn tí Bọ́lá bọ́ sílẹ̀, a ya ilé oúnjẹ kan. Ẹyin, búrẹ́dì àti tíì, dọ́là mẹ́sàn-án fún ẹnì kan. Mo sọ ọ́ di náírà, mo ti àwo sẹ́yìn.

Délé rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ má convert o. Ẹni tó bá ń convert ò lè jẹun níbí."

Ilé àtijọ́ náà wà láàárín oko tí wọ́n ti ń gbin tábà nígbà kan. Obìnrin aláwọ̀ dúdú àgbàlagbà kan ló mú wa káàkiri, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ já ara wọn gbà lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin ló sì jókòó ti òwú, tí wọ́n ń ran án tọ̀sán tòru kí ará ilé má bàa rìn níhòòhò. Àwọn ni wọ́n rán ẹ̀wù fún ọmọ ogun, àwọn ni wọ́n di oko mú nígbà tí ọkọ wà lójú ogun. Ó fi àwòrán baálé ilé hàn wá, ó dárúkọ rẹ̀. Ní ti ìyàwó rẹ̀, kò sí orúkọ; "ìyàwó rẹ̀" náà ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn náà ó mú wa dé ilé ìdáná, níbi tí àwọn ẹrúbìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Ìrètí béèrè orúkọ wọn. Obìnrin náà fọwọ́ kan bíríkì ara ògiri.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ògiri yìí," ni ó wí. "Kò tíì dá mi lóhùn."

Àánú ṣe mí gan-an. Mo ti fẹ́ sọ pé òyìnbó ṣèkà, àfi bí mo ṣe rántí pé ọmọ ọmọ mi béèrè orúkọ kan lọ́wọ́ mi láàárọ̀, mo sì ní kó jẹ́ kí n wo ọ̀nà.

Bí a ṣe padà sínú mọ́tò, mo pe Abẹ́òkúta, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ orúkọ yẹn: Màmá Kéésì, ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá Aláró ni ìyá ọkọ rẹ̀. Mo fi fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo kí i, mo sì béèrè.

"Háà! Kí èmi pe orúkọ ìyá ọkọ mi? Ẹnu tèmi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ oríkì wọn, mo lè kì í títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Délé. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọmọ bíbí ilé tó mọ orúkọ yẹn, tí wọ́n sì lè pè é, ti lọ tán. Ìyàwó ilé tí kò gbọ́dọ̀ pè é nìkan ló kù. Bí ó bá kú, ó parí.

Mo ṣàlàyé fún Ìrètí pé ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, àti pé gbogbo ọmọ ilé, títí dé ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni.

"So èmi náà, ọkọ wọn ni mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Okay. Then I can tell her it's fine."

Èmi ò jẹ́ dán an wò láé. Màmá yìí ló pọ̀n mí tí mo fi tó rìn. Ojú á tì mí láti dúró bí ọkọ níwájú rẹ̀. Ìrètí ti gba fóònù.

"Ẹ káalẹ́ mà. Ìrètí ni, ọmọ Bọ́lá. Grandma ní èmi ni ọkọ yín."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ọ̀wọ́n! Ọkọ mi ará Amẹ́ríkà!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní kí ẹ pè é. Mo fún yín ní permission."

"Ó ní òun fún yín láyè, mà," ni Délé wí.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Màmá ní, "Látìgbà tí mo ti wọlé yìí, kò sí ọkọ tó fún mi láyè rí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí àgbà kan sùn sítòsí rẹ̀. "Ẹfúnbùnmi. Ẹfúnbùnmi lorúkọ wọn. Wọ́n sọ fún mi pé aró ò tíì gbẹ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin nítorí owó orí."

Mo sunkún. Ìrètí ń pe orúkọ náà lábẹ́ ahọ́n, ó ń pè é, títí a fi wọ Lanham, tí Délé pa mọ́tò níwájú ilé. Màmá ò tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ń sọ̀tàn lọ, a ò sì fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tó sinmi ni Ìrètí béèrè. "Mà, orúkọ tiyín ńkọ́?"

Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Màmá Kéésì ni mo mọ̀ látìgbà tí mo ti dáyé.

"Tèmi kẹ̀?" ni Màmá wí. "Wúràọlá. Wúràọlá ni wọ́n sọ mí nílé bàbá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ẹ bá mi pè é kí n gbọ́."

Ìrètí pè é. Délé pè é. Ẹnu mi wúwo, nítorí ọmọ kì í pe orúkọ ìyá rẹ̀. Mo pè é.

"Ẹ tún un pè," ni Màmá wí.