Nígbà Tó Ku Èmi Nìkan Lójú Títì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, èmi ni mo fi ẹnu ara mi tọrọ rẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí àwọn tí a jọ ń tajà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àdúrà náà sì gbà.

Páàtì alùpùpù ni mò ń tà ní ìlú Bouaké níbí, ní Côte d'Ivoire. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá mi, àwa mẹ́sàn-án là ń ta páàtì lójú títì kan náà, Anago sì ni gbogbo wa, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù ló wà lápá ọ̀tún mi. Bí oníbàárà bá yọ, Ẹ̀gbọ́n á fi èdè Dioula pè é, wọn á fi èdè Baoulé pè é, wọn á tún fi Faransé kún un. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du oníbàárà?

Nígbà tó yá, àwọn mẹ́jọ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Abidjan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù ló lọ kẹ́yìn. Wọ́n ní kí èmi náà máa bọ̀, pé ọjà ò tà mọ́ ní Bouaké. Mo ní rárá. Mo bá wọn di ẹrù tayọ̀tayọ̀, débi tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo kun ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dà tuntun. Ìyàwó mi béèrè bóyá a fẹ́ gbàlejò ni.

Oṣù àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó di oṣù kejì, àwọn mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì kó lọ sí Sokoura, àdúgbò mìíràn nínú ìlú. Ìyá tó ń ta àtíéké, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, fún wọn tẹ̀ lé wọn. Mo wá ń jókòó bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìwé nígbà ìsinmi.

Mo pe Bákárì, mẹkáníìkì kan ní Béoumi tó ti ń rajà lọ́wọ́ wa láti ayé bàbá mi. Mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un tí kò fi wá mọ́. Ó ní mi ò ṣe nǹkan kan.

Ó ní, “Mo máa ń wọkọ̀ wá láti Béoumi. Bí mi ò bá rí páàtì lọ́wọ́ ẹ, ta ni màá tún bi?”

Mo ti rò pé àwa mẹ́sàn-án là ń pín oníbàárà kan. Àṣé àwa mẹ́sàn-án là ń fà á wá!

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa, Mariam, tó ń fi fóònù ta páàtì láti pálọ̀ bàbá rẹ̀. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ bá bàbá náà. Wọ́n rò pé mo wá fẹ́ ọmọ wọn ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ohun tí mo fẹ́ ni kó wá máa bá mi du oníbàárà.

Mariam gba ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Gàníyù. Bí páàtì kan ò bá sí, yóò ya fọ́tò èyí tó bàjẹ́, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta páàtì ní Abidjan, ọkọ̀ á gbé tuntun dé lọ́jọ́ kejì. Mẹkáníìkì méjì padà wá, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Ọkùnrin kan láti Sakassou wá ń ta táyà. Bákárì náà ti dé.

Ọ̀dọ̀ Mariam ló kọ́kọ́ yà. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí.

Síbẹ̀, mo ti kọ́gbọ́n. Ìlú kì í dédé kú. Ẹnì kan á lọ, ẹni tó ń bá a ṣòwò á lọ, ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn náà á lọ. Bó ṣe ń jí náà nìyẹn, ẹnì kan á kọ́kọ́ dé.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tiyín rí? Ta ló kọ́kọ́ lọ, ta ló sì kọ́kọ́ padà wá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n kà á. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ń ta páàtì, ṣọ́ọ̀bù tó wà lápá òsì mi ṣì ṣófo.