Wọ́n Ní Ìyá Mi Ń Mí Kanlẹ̀

Òórùn pupuru, ẹ̀gẹ́ kíkan tí a mọ roboto, tó ń gba èéfín lórí àjà ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Òsóòrò. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, èémí ìyá mi ló ń jí mi. Á jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, á na ẹ̀yìn ró gangan, á gbé ọwọ́ lé ikùn. Á fa atẹ́gùn símú díẹ̀díẹ̀, á dá a dúró, á wá fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Jẹjẹrẹ ló wà láyà rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn, wọ́n ti ń fi iná ẹ̀rọ jó jẹjẹrẹ náà, wọ́n wá ní kó lọ sinmi díẹ̀ nílé kó tó padà wá parí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ ọ ní mímí yìí, torí iná náà lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró gan. "Àyà tí a kò bá nà, ṣe ló ń hunjọ bí aṣọ," ni ìyá mi wí. Mo máa ń jókòó tì í, a ó jọ máa mí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ̀ pé nígbà yẹn, ẹnìkan kì í ṣàdédé mí kanlẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ pé ta ló kú. Ìyàwó ilé tó bá wá ń ṣe é ní ìdájí, wọ́n ní ó ń pe ọ̀fọ̀ wọlé ọkọ ni. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣe dúró lé wa lórí lọ́jọ́ kan nìyẹn.

"Ìyàwó, ta lò ń mí sí? Ṣé o fẹ́ sọ ulé ọkọ rẹ dahoro ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n máa ṣe é ni."

"Ta ló ń kọ́ alààyè bí a ti ń mí?"

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ìjọ Aládùúrà wa. Àwọn àgbà ìjọ ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ni, kó fi Sáàmù rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi, tó mọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ní kó gbà fún wọn kí àlàáfíà lè wà. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló wí. Inú ṣì ń bí mi dòní. Àlàáfíà ta ni? Wọ́n fẹ̀sọ̀ mú un lóòótọ́, ó sì bàjẹ́.

Ìyá mi gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Nígbà tó fi máa ti Ìbàdàn dé lẹ́ẹ̀kejì, kò lè ti inú yàrá dé ẹnu ọ̀nà láìdúró mí. Ọ̀sán ọjọ́ tó kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni. Ẹ̀gbọ́n di èjìká ìyá mi mú, ó ń mì í, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Mí! Ìyàwó, mí kanlẹ̀! Nítorí Ọlọ́run, mí!"

Mo dúró sẹ́bàá ibùsùn, n kò sọ nǹkan kan, torí wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn. Mo ti ju iye ọdún tí ìyá mi lò láyé lọ báyìí. Láràárọ̀, iwájú ilé ni mo ń jókòó sí, n kì í lọ sẹ́yìnkùlé, mo sì ń mí kanlẹ̀ débi tí aládùúgbò fi ń gbọ́. Ẹni tó bá bi mí pé ta ló kú, mo máa ń dárúkọ ìyá mi fún un.