Igi Tí À Ń Kí Láàárọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè dá korobá omi gbé, ìrókò ńlá kan wà lọ́nà odò wa. Wọ́n ró aṣọ funfun fún un nídìí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kì í jẹ́ kí a kọjá láìkúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Ẹ̀rù igi náà ń bà mí gan-an. Bí mo bá ti kí i tán, eré ni. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ la títì, wọ́n gé e láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìyá àgbà sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, èmi náà sì bá a sunkún.

Ìdí nìyẹn tí ara mi kò fi gbà á nígbà tí manager apartment wa ní Lake Highlands lókè òkun níbí ní àwọn máa gé igi óákù ńlá ẹ̀yìn ilé, pé gbòǹgbò rẹ̀ ń fọ́ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí.

Ìyá arúgbó ará Japan kan ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju tèmi lọ, ẹ̀rín la fi máa ń kíra wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé igi, mo bá a nídìí rẹ̀, ó ń so okùn koríko tó fọwọ́ hun mọ́ ọn, pẹ̀lú bébà funfun. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Kyoboku." Ó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pe igi tó tóbi, tó ti gbó, nílé wọn nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá gbà pé ẹ̀mí ń gbé inú rẹ̀, wọn a so irú okùn yẹn mọ́ ọn, wọn kì í sì í fi àáké kàn án. Háà! Orí mi wú. Mo wọlé lọ mú ìborùn funfun mi, mo ró o fún igi.

Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, figbe ta: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, manager yẹn máa call police o!"

Mo ní, "Kó pè wọ́n wá. Àga á tó wọn."

Èmi àti ìyá ará Japan náà gbé àga síbẹ̀. Àwọn ọmọdé apartment yí wa ká, mo sì ń sọ ìtàn ìrókò wa fún wọn. Nígbà tí àwọn agégi dé, ọ̀gá wọn wo okùn, ó wo aṣọ, ó ṣí fìlà. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án, ó sì pe manager. Ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bọ̀, wọ́n gé ẹ̀ka gbígbẹ nìkan, wọ́n sì ní àwọn máa tún ilẹ̀ náà ṣe yí gbòǹgbò ká. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ti ìyá àgbà nílé, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ti arúgbó àlejò méjì níbí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan wà nínú àwọn tó gbọ́ ìtàn náà, bí mo bá fi Yorùbá kí i, "Hi, Grandma" ló fi ń dá mi lóhùn. Lánàá, bó ṣe ń lọ wọ bọ́ọ̀sì iléèwé, ó dúró nídìí óákù wa, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Kò sì sá.