Àǹtí Tí Kì í Tijú Ọ̀rọ̀ Ìfun

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Nọ́ọ̀sì ni ní Largo, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, a sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Glenn Dale. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Bí ìsìn bá ti parí, á máa bi àwọn tó ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta sókè ketekete pé, "Ṣé wọ́n ti yẹ ìfun rẹ wò?" Àwọn mìíràn á sá gba ẹnu ọ̀nà kejì.

Ọkọ mi ò sá, ṣùgbọ́n ó kọ̀. "Àǹtí, kò sí ibi tó ń dùn mí."

"Ẹran kékeré tó ń hù nínú ìfun kì í sábà dunni," ni Àǹtí fèsì. "Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ òmíràn máa ń di jẹjẹrẹ bí a bá fi sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n gé e kúrò."

Nígbà tó yá, ọkọ mi gbà, Àǹtí fúnra rẹ̀ ló sì fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n rí ẹran méjì, wọ́n sì gé wọn. Lẹ́yìn náà, dókítà pè wá pé ọ̀kan ti ń yí padà, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ.

Nígbà tí Àǹtí dé ilé wa, mo rò pé á ní ṣebí òun sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó dì mọ́ ọkọ mi. "A dúpẹ́. Àbúrò rẹ tó wà ní Texas ńkọ́? Ó yẹ kóun náà lọ. Pè é."

Ọkọ mi pè é. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ àwáwí báyìí, Àǹtí nawọ́ gba fóònù.