Ẹni tí Bàbá Mi Pè Létí Òkun Lẹ́kkí

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ní Òkèrèwè, àdúgbò wa ní Ifẹ̀, ni pé bàbá mi ti fẹ́ obìnrin inú òkun.

Bí àwọn aládùúgbò wa ṣe ń sọ ọ́ nìyí: nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Nàìjíríà lọ́dún 1999, Lágúnjú Ọládipọ̀ lọ wòran ní Èkó, ṣùgbọ́n etí òkun ló bá ara rẹ̀. Ó fi gìgísẹ̀ ya òbìrìkìtì kan sórí yanrìn, ó wọ inú omi tòun ti fìlà, ó pe orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, obìnrin kan sì yọrí láàárín ìgbì, ó dá a lóhùn. Ìyá kan láti Ìpetumodù, tó máa ń lọ ra ẹja gbígbẹ ní Lẹ́kkí, ló gbé e wálé. Ó ní ìṣojú òun kòró báyìí ló ṣe. Ìyá Sùmáyà, tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, bi mí bóyá ìyàwó tuntun náà ń jẹ iyọ̀. Mo ní kò jẹ ẹ́ o, pé inú dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé la fi í sí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn ò fi wá bu omi nílé wa.

Kí ẹ tó gba ìyẹn gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ya ìlà sí pápá ìṣeré yunifásítì. Á kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, á na okùn sáàárín wọn, á wá máa gbọn ẹfun tẹ̀lé okùn náà láti inú agolo tó lu ihò sí nídìí. Bàtà rẹ̀ kì í ṣípò kúrò ní funfun, ìyẹn ni mo fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ẹfun. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ ti abọ́ náà títí yóò fi bọ́ sí àárín tábìlì gan-an. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Àtàndá Ọ̀ṣúndáre. Agboolé kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Nílé ìwé, bàbá mi ló ń ya ìlà, Àtàndá ló ń ṣọ́ ilé gòólù. Nígbà tó yá, Àtàndá kó lọ sí etí òkun lẹ́yìn Èkó, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì ń wọlé lọ́dọọdún. Lọ́dún 1995, wọ́n fẹ́ gbé ìdíje àwọn ọ̀dọ́ yìí wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì gbà á kúrò lọ́wọ́ wa. Àtàndá kọ̀wé pé: "Lágúnjú, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e padà, àwa méjèèjì la máa jọ wò ó. Má wulẹ̀ wá àdírẹ́sì kiri. Tí o bá ti kọjá Ajáh, ìlú etí òkun tó bá wù ọ́ ni kí o ti béèrè mi."

Lọ́dún 1997 ni lẹ́tà rẹ̀ dúró. Bàbá mi ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ń sọ lẹ́tà nù.

Ìdíje náà dé lóòótọ́. Àwọn ọ̀gá bàbá mi sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún àṣekágbá, torí pé ọdún náà ló ń fẹ̀yìn tì. Ìbàdí ti ń dùn ún, èémí rẹ̀ kì í tó gun àtẹ̀gùn mọ́, ṣùgbọ́n ó di dandan kó rí Àtàndá kó tó di ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa gbá a. Ó ní kí n bá òun lọ, kí n máa gbé báàgì.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ajáh la wọ̀ sí. Mali ti lé Nàìjíríà jáde nínú ìdíje, àwọn tó ń ta àsíá ti ń ká a jọ, gbogbo ìlú dà bí ẹni tó jí tí kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, a gun ọ̀kadà lọ sí Ẹlẹ́kọ̀ó. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kóòṣì àgbà láti Ifẹ̀ lẹ̀ ń wò yìí o."

"Dámilọ́lá!" Bàbá mi jan ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ni mò ń wá, Àtàndá, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe."

Onígbàjámọ̀ náà dẹ́kun irun tó ń gé. Ó gbé àga jáde fún bàbá mi, ó nù ún pẹ̀lú aṣọ ọrùn oníbàárà rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Àgbàlagbà kan ló mú dé, tòun ti àgbọn méjì. A mu omi àgbọn, a kíra títí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àgbàlagbà náà ní, "Akódò ni ẹ ti máa gbọ́ nípa rẹ̀ dáadáa, sà."

Nígbà tá a jáde, mo ní, "Ẹ ò rí i bí irọ́ mi ti wúlò tó? Àgbọn kóòṣì lẹ mu yẹn." Bàbá mi ń wo òkun.

Ní Akódò, àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe gbé àpótí fún un, wọ́n fún wa ní ẹja yíyan. Wọ́n ní ó di Orímẹ́dù. Ọjọ́ Ẹtì la dé Orímẹ́dù, iyanrìn ti kún bàtà, ọ̀kadà ti gbọn egungun wa kúrò láyè rẹ̀. Olórí àwọn apẹja ibẹ̀ gbọ́ orúkọ Àtàndá, ó sì ṣí fìlà rẹ̀.

"Ìyàwó rẹ̀ wà ní Lẹ́kkí," ló wí.

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?" bàbá mi bi í.

"Ẹ jẹun ná, bàbá."

Ọ̀sán Sátidé la dé Lẹ́kkí, ìlú àtijọ́ tó wà níwájú Orímẹ́dù, kì í ṣe èyí tó wà nítòsí Èkó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àṣekágbá láàárín Spain àti Japan, tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sì wà lápò bàbá mi. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ wo bàtà funfun náà, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ará Ifẹ̀. Ó sọ fún mi pé bí ẹni tí bàtà rẹ̀ funfun bá dé, kí n má wulẹ̀ bi í lórúkọ. Yéjídé lèmi, ìyàwó Àtàndá."

Ó gbé omi wá. Ó rán ẹnìkan sí àgbà agboolé. Àgbà náà dé, ó jókòó, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Ara mi ò gbà á mọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa jí ọkọ yín. Bí wọ́n bá tún ń sùn báyìí, Japan á ti gbá bọ́ọ̀lù tán!"

"Dákẹ́, Dámilọ́lá." Bàbá mi fọwọ́ lé mi lórúnkún. Ó yíjú sí Yéjídé. "Ìyàwó wa, ẹ má da ara yín láàmú. Láti Ẹlẹ́kọ̀ó ni mo ti mọ̀. Bí Àtàndá bá wà láàyè, ọmọ kékeré ni ìbá nawọ́ ilé rẹ̀ sí wa. Kò síbi tí mo dárúkọ rẹ̀ tí wọn ò ti kọ́kọ́ gbé àga fún mi."

Yéjídé bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ló lè túfọ̀ òkú fún àlejò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, tàbí àgbà ilé rẹ̀, ló ń ṣe é, lẹ́yìn tí àlejò bá ti jókòó tó sì ti mu omi. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ti ń rọra tì wá síwájú, kí ọ̀rọ̀ náà lè jáde lẹ́nu tó tọ́. Èmi rò pé torí kóòṣì ni wọ́n ṣe ń bọ́ wa.

Àgbà náà ní, "A ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ nígbà náà, bàbá. Ẹni tí a rán dé Ìbàdàn, wọ́n ní ọ̀nà Ifẹ̀ ò dáa lọ́dún yẹn nítorí ogun, ó padà."

Ẹ̀yìn ilé ni sàréè wà. Wọ́n ti fi ìṣó kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì nígbà tó ṣì tutù: Àtàndá Ọ̀ṣúndáre, 4-9-97. Bàbá mi rọra bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ etí sìmẹ́ǹtì náà yíká.

"Igun òsì yìí ò dọ́gba," ló wí. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì kan sábẹ́ òkúta lókè orí sàréè. Ìkejì padà sápò.

A ń rìn lọ létí òkun kí ọ̀kadà tó dé. Mo bi í pé, "Bàbá, ẹ ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kadà fi ìdí mi gún iyán fún ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Dámilọ́lá. Mo ní bí ẹnu kankan ò bá tíì sọ ọ́, ó ṣì wà."

"Irọ́ kóòṣì mi ńkọ́?"

"Ta ni yóò gbà á gbọ́? Kóòṣì wo ló ń wọ irú bàtà yìí?"

Ó fi gìgísẹ̀ fa yanrìn, ó ń yí po bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí òbìrìkìtì àárín pápá fi pé. Kò wọ́ níbì kankan. Ó dúró láàárín rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ bóyá àṣekágbá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọrí sínú omi, tòun ti fìlà.

"Àtàndá!"

Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo fẹ́ di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Àtàndá! Àtàndá o!"

Ìgbì kan dé, ó gbé mi ṣubú, ó bò mí mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo yọrí, gèlè ti lọ, irun ti bo ojú mi, iyọ̀ kún ẹnu mi. Bàbá mi ṣì ń wo iwájú, bí ẹni tó ń retí èsì. Mo wúkọ́, mo ní, "Wọ́n ti gbọ́ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó gbà kí n di òun lọ́wọ́ mú jáde. Inú bọ́ọ̀sì la ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé Spain fi mẹ́rin sí òdo na Japan. Bàbá mi ti sùn lọ, bàtà rẹ̀ tutù, ẹfun ara rẹ̀ ti wẹ̀ dànù.

Ẹ bá mi kí ìyá Ìpetumodù yẹn. Obìnrin tó yọrí nínú òkun lọ́jọ́ náà, èmi Dámilọ́lá ni.